Ọkọ̀ Ojú Omi Nínú Ìtàn Àwa Ará Okun

   

Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè wá, ó lè rò pé etí òkun ni a ń gbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. Àwa Òwé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ìdí òkè àti inú ọ̀dàn ni ilé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Èwo wá ni ti ọkọ̀ ojú omi nínú ètò àgbẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, ẹ fún mi láyè kí n dáhùn.

Ẹ rántí iṣu tí ẹ tà kẹ́yìn. Iye tí wọ́n san fún yín ní etí oko kọ́ ni iye tí wọ́n tà á ní Lokoja tàbí ní Abuja. Ẹni tí ó ni mọ́tò ni ó mọ iye méjèèjì. Ẹ̀yin mọ ẹyọ kan péré. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Kí mọ́tò tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni ó wà ní ipò yẹn, ó sì ṣe ju kí ó dá iye owó ọjà lọ. Ọkọ̀ ni ó gbé ogun wá bá àwọn baba ńlá wa, ọkọ̀ ni ó kó àwọn ọmọ wọn lọ, ọkọ̀ náà sì wà nínú ohun tí ó fòpin sí ogun náà ní ọdún 1897. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ìgbà kan tí ọkọ̀ náà jẹ́ tiwa.

Odò tí mo ń wí ni Odò Ọya, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ni ó ti ń ṣàn bọ̀, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Ní Lokoja ni Odò Bẹ́núè ti wá pàdé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n gba Idah kọjá, wọ́n gba Onitsha kọjá, títí wọn yóò fi pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka tí wọ́n fi ń wọ inú òkun.

Àwọn tí ó ni odò yìí nígbà náà ni àwọn tí ó ni ọkọ̀. Lápá òkè ni àwọn Kyede wà, ẹ̀yà kan lára àwọn Tápà, tí olórí wọn ń jẹ́ Kuta, tí ìlú rẹ̀ sì jẹ́ Muregi. Lápá ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni àwọn Kakanda wà, lẹ́yìn wọn ni àwọn Bassa àti àwọn Ígálà. Bí oko ti rí fún wa ni ọkọ̀ rí fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Igi ńlá ni wọ́n ń gbẹ́, wọn a ro inú rẹ̀ títí yóò fi di kòtò gígùn. Ibi tí omi bá jìn, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tù ú. Ibi tí kò bá jìn, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń tì í. Ọmọ wọn á ti mọ bí a ti ń yẹra fún iyanrìn abẹ́ omi kí ó tó gbọ́n tó láti kọ ebè.

Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni ó sún mọ́ odò jù nínú wa, nítorí orí òkè tí ó wà lẹ́yìn Lokoja ni wọ́n tẹ̀dó sí. Àwọn Bùnú ni ó tẹ̀ lé wọn. Àwa Òwé, Ìjùmú àti Yàgbà, ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń rìn kí a tó rí omi. Orí ni a fi ń ru ohun gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ bí àgbẹ̀. Ẹrù orí ènìyàn kan kì í sábà ju 30 kílò lọ, ẹni tí ó rù ú yóò sì jẹun lójú ọ̀nà ní àlọ àti ní àbọ̀. Ọkọ̀ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí ènìyàn mẹ́rin ń tù, lè kó ẹrù ogójì alárùú, bí ó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní etí odò pẹ̀lú ọkọ̀ kì í kánjú. Ẹni tí ó ru ẹrù dé láti Kabba, tí ọrùn ń dùn, tí oúnjẹ rẹ̀ ti tán, òun ni yóò kánjú tà. Báyìí ni a ṣe ń ta ọjà ní èbúté láti ayébáyé.

Kì í ṣe pé kò sí èrè kankan fún wa. Iyọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ẹja gbígbẹ ń wá. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tí wọ́n ń hun aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àwọn olóyè, láti ara aṣọ òkèèrè tí oníṣòwò gbé wá ni wọ́n ti ń tú òwú pupa jáde láti fi hun ún. Bí ẹ bá rí aṣọ ìpo àtijọ́ nínú àpótí ìdílé kan lónìí, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ Bùnú ni ó hun ún, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ ti lè rìn jìnnà ju ẹni tí ó hun ún lọ.

Nǹkan burúkú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Tápà Bida gbára jọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà Etsu Masaba, tí ó jọba láti 1859 títí di 1873, ìdààmú náà le gan-an. Bida wà ní òdì kejì Odò Ọya sí wa, ẹṣin sì ni agbára ogun wọn. Báwo ni ogun ẹlẹ́ṣin ṣe ń dé Kabba? Ọkọ̀ àwọn Kyede ni ó ń gbé wọn sọdá, àti ènìyàn àti ẹṣin. Àwọn baba wa sá lọ sí orí àpáta. Lẹ́yìn tí a kò lè jà mọ́, àwọn Tápà fi àjẹ́lẹ̀ sí àárín wa, èyí tí wọ́n ń pè ní ogba, láti máa gba ìsákọ́lẹ̀. Ènìyàn wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà. Ìdílé tí kò bá ní ẹrú láti fi sílẹ̀ a máa fi ọmọ rẹ̀ dí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ìyá ńlá yín, tí wọn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ tán.

Etí odò ni wọ́n ń kó àwọn ẹni náà lọ. Àwọn kan dúró ní oko àwọn ìjòyè Bida. Wọ́n kó àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ọkùnrin kan wà nínú irú àwọn tí a tà báyìí tí ìtàn rẹ̀ kò sọnù. James Thomas ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ará Ikudon ni, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tiwa níhìn-ín. Wọ́n mú un lẹ́rú, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì di ará Sàró. Ní 1858 ó padà wá pẹ̀lú àwọn oníwàásù CMS tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ olórí wọn, ó ṣiṣẹ́ ní Gbebe, lẹ́yìn náà ní Lokoja, fún nǹkan bí ogún ọdún. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sílẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ìwé náà sì wà títí di òní. Ẹ ronú sí i: ọmọ ilẹ̀ wa kan jókòó sí èbúté, ó ń wo bí wọ́n ti ń kó àwọn ará ilé rẹ̀ kọjá.

Àwọn òyìnbó ti ń gòkè odò ṣáájú àkókò yìí. Ní 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ láti Bussa títí dé etí òkun, tí àwọn òyìnbó fi wá mọ ibi tí Odò Ọya ń já sí. Ní 1832 ni ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ wọ odò náà, ọkọ̀ méjì, Quorra àti Alburkah. Òyìnbó méjìdínláàádọ́ta ni ó bá wọn wá, mẹ́sàn-án péré ni ó padà sílé láàyè. Ibà ni ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan àgbẹ̀ jù ni ti 1841. Ọ̀gbẹ́ni Thomas Fowell Buxton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí a bá fẹ́ kí òwò ẹrú tán, kí a kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ oko tí ó ń mówó wọlé, kí òwú àti àwọn irè mìíràn rọ́pò ènìyàn lórí ọjà. Ìjọba fún wọn ní ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan. Crowther wà nínú àwọn tí ó bá wọn wá. Ní Idah, Àtá Ígálà gbà láti fún wọn ní ilẹ̀ ní ẹ̀bá ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n sì dá oko sílẹ̀ níbẹ̀, oko àwòkọ́ṣe, kí gbogbo ayé lè wá wò ó kí wọ́n sì kọ́gbọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀ wa gan-an ni oko yìí wà, ní ìdí òkè tí Lokoja wà lónìí.

Kò pé ọdún kan tí ó fi túká. Nínú òyìnbó bíi 145 tí ó wá, ibà mú 130, ó sì pa ju ogójì lọ. Àwọn ọkọ̀ sáré padà sí òkun pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí oko náà kú kí ó tó padà dé ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ kan, Webb, gòkè wá ní oṣù keje 1842, ó rí i pé àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láti máa ro oko ti di ọ̀gá, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń háyà láti ṣiṣẹ́. Ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, oko sì di igbó.

Àwọn tí ń kọ ìtàn máa ń sọ̀rọ̀ ibà, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi rí nǹkan mìíràn níbẹ̀, ẹ̀yin náà yóò rí i. Ọkọ̀ ńlá kò lè gòkè dé Lokoja àfi ìgbà tí omi bá kún, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ lọ sí oṣù kẹwàá. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọkọ̀ náà dé. Ta ni nínú yín tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣán igbó tuntun ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́, tí yóò sì retí kí oko náà jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹnikẹ́ni? Ìgbà ọkọ̀ ni wọ́n bá rìn, wọn kò bá ìgbà oko rìn. Mo ti rí ètò ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ ní ayé tiwa yìí tí ajílẹ̀ rẹ̀ dé nígbà tí àgbàdo ti gbẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ 1841 kò yà mí lẹ́nu.

Ní 1854 ni nǹkan yí padà. Dókítà William Balfour Baikie gòkè wá nínú ọkọ̀ Pleiad, ó sì mú kí gbogbo àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kuníìnì déédéé. Kò sí òyìnbó kan tí ó kú. Láti ọjọ́ náà, odò ti ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ní 1857 ó tún padà wá nínú ọkọ̀ Dayspring, ọkọ̀ náà fọ́ lórí òkúta ní ìtòsí Jebba, wọ́n sì há síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni ó tẹ Lokoja dó bí ìlú oníṣòwò, ní nǹkan bí 1860. Etsu Masaba bá a dọ́rẹ̀ẹ́, nítorí ó mọ èrè tí ó wà nínú ọkọ̀ òyìnbó. Ìbọn wà lára ohun tí òwò odò náà ń gbé wọlé fún Bida. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ òyìnbó gbé dé Lokoja.

Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ó ń fi ọkọ̀ gòkè wá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n sì ń bá ara wọn dù ú. Epo pupa, ekuro, òrí àti eyín erin ni wọ́n ń rà. Bí ọ̀kan bá fi iyọ̀ díẹ̀ lé e, èkejì á fi aṣọ lé e. Ẹni tí ó ru òrí dé etí odò láyè láti yàn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Goldie rí i pé èyí kò pé òun. Ní 1879 ó kó àwọn kọ́ńpìnnì Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di 1884, ó ti ra ti àwọn Faransé náà. Ní 1886 ọba Gẹ̀ẹ́sì obìnrin fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì di Royal Niger Company. Wọ́n ní ọmọ ogun, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọ́n ń gba owó orí ọjà, wọ́n sì ní ọkọ̀ tí ó ní ìbọn ńlá. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó ṣe ní Berlin ní 1885 sọ pé kí Odò Ọya ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. Kọ́ńpìnnì kò ti odò pa. Ó kàn gbé owó ìwé àṣẹ àti owó ibodè ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè san án kí ó sì jèrè.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ṣe fún àwọn ará etí òkun. Àwọn ará Nembe ní Brass, ẹ̀yà Ìjọ̀, orí omi ni wọ́n ń gbé. Erèé kò hù ní ilẹ̀ wọn, iṣu kò ta. Ọkọ̀ wọn ni ó ń gòkè lọ ra epo lọ́wọ́ àwọn ará ìgbèríko, òun kan náà ni ó ń gbé oúnjẹ bọ̀. Nígbà tí Kọ́ńpìnnì sọ wọ́n di àjèjì lórí odò tí baba wọn ti ń ná, ebi wọlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kínní 1895, ọba wọn, Frederick William Koko, kó ju ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ sínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, wọ́n lọ ní kùtùkùtù nígbà tí kùrukùru bo omi, wọ́n sì fọ́ ibùdó Kọ́ńpìnnì ní Akassa. Oṣù kejì kò tíì tán tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi wá sun Nembe. Ọba Koko kú sí ibi tí ó sá lọ ní 1898. Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé àwọn ní ọkọ̀, wọ́n sì mọ odò ju Kọ́ńpìnnì lọ, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kí ni kò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ń fi orí ru òrí bọ̀ láti Yàgbà?

Ọdún méjì lẹ́yìn Akassa ni ó kan Kabba. Kọ́ńpìnnì àti Bida ti di ọ̀tá. Bida kò jẹ́ kí Kọ́ńpìnnì rí òwò ṣe bí ó ti fẹ́ lápá òkè odò, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń kó ẹrú ní ilẹ̀ wa títí dé ìtòsí Lokoja. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1897, ẹgbẹ́ ogun Tápà ńlá kan wà ní apá Kabba lábẹ́ Màkùn, ọ̀kan nínú àwọn olóyè ogun Bida. Goldie ní ọmọ ogun adúláwọ̀ bíi 500, àwọn alárùú bí 900, àti òyìnbó bí ọgbọ̀n. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bida. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ìbọn ńlá àti ọkọ̀.

Ẹ wo bí ó ti lo ọkọ̀ náà. Odò Ọya wà láàárín Bida àti ẹgbẹ́ ogun tí ó wà ní Kabba. Ó rán àwọn ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ lórí omi, kí ọkọ̀ Tápà kankan má baà sọdá. Bí ẹni tí ó fa àkàbà kúrò lẹ́sẹ̀ igi nígbà tí olóko wà lókè ni ó rí. Ọkọ̀ tí ó ti gbé ẹṣin wá bá wa láti ọdún pípẹ́ kò lè gbé wọn padà mọ́. Lẹ́yìn náà ni Goldie kó ọmọ ogun rẹ̀ jáde ní Lokoja ní ọjọ́ 6 oṣù kínní, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà òkè tí ẹ̀yin mọ̀ dáadáa, wọ́n sì wọ Kabba ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò bá ogun níbẹ̀. Àwọn Tápà ti gbọ́, wọ́n ti tú ibùdó. Goldie kéde pé Kabba ti bọ́ lábẹ́ Bida, àti pé òfin kò mọ ẹrú mọ́. Láti ibẹ̀ ó yí padà sí odò, àwọn ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ ogun àti ìbọn sọdá, Bida sì ṣubú ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, nígbà tí apá kan nínú ọmọ ogun rẹ̀ ṣì há sí òdì kejì omi.

Àwọn ènìyàn wa yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ẹni tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ sí kì í bèèrè ìdí tí wọ́n fi dá a sí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ka ìtàn lẹ́yìn wọn lè bèèrè. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹrú nìkan ni, Kọ́ńpìnnì ti wà ní Lokoja láti ọdún púpọ̀, ó ń rí i. Òwò ni ó mú kí ó gbéra ní 1897. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kínní 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì, wọ́n ta àsíá ìjọba sókè ní Lokoja, wọ́n sì san £865,000 fún Kọ́ńpìnnì, pẹ̀lú ìdajì owó tí ìjọba bá gbà lórí ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ náà fún ọdún 99. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ru ẹrù. Owó orí ni ó tẹ̀ lé e fún wa.

Lẹ́yìn èyí, ìtàn ọkọ̀ ojú omi ní àgbègbè wa kò gùn mọ́. Wọ́n la ojú irin láti Baro dé Kano ní 1911, kí òwú àti ẹ̀pà ilẹ̀ Haúsá lè máa bọ́ sínú ọkọ̀ ní Baro lọ sí òkun. Kò pẹ́ tí ojú irin Èkó fi pàdé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí afárá Jebba ní 1916, ẹrù kò ní ìdí láti bọ́ sínú omi mọ́, Baro sì di ìlú tí koríko ń hù ní èbúté rẹ̀. Ojú irin náà kò gba ilẹ̀ Okun kọjá. Mọ́tò ni ó wá gbà wá, láti Kabba sí Lokoja, láti Kabba sí Ọ̀bàjànà, láti Egbe sí Ìlọrin. Wọ́n gbé ìdídò Kainji dìde ní 1968, bí omi ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń fà sì yí padà. Ní 2009 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó iyanrìn inú odò kí ọkọ̀ ńlá lè tún máa gòkè wá. Ní oṣù kínní 2019 wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Baro, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, àròyé tí a ń gbọ́ ni pé kò sí ọ̀nà tí ó dára tí mọ́tò yóò gbà dé ibẹ̀. Lokoja gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ NIWA wà, àjọ tí ó ń mójú tó odò gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà láti 1997.

Ọkọ̀ onígi tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó kù fún àgbẹ̀. Ní Lokoja ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń sọdá sí Shintaku, ní Idah ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń lọ sí Agenebode, iṣu, ẹja, gaàrí àti ènìyàn lórí ara wọn. Ní òpin oṣù kọkànlá 2024, ọkọ̀ kan gbéra láti Missa ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí, ó ń lọ sí ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, obìnrin ni ó pọ̀ jù. Ó dojú dé. Òkú tí wọ́n rí gbé jáde lé ní ogún. Ìyá tí ó di àpò ìrẹsì rẹ̀ mú nínú omi kò ní ẹ̀wù tí ó lè mú un léfòó. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, ẹ bèèrè ẹ̀wù náà kí ẹ tó san owó. Bí ẹsẹ̀ omi bá ti sún mọ́ etí ọkọ̀ kí ó tó gbéra, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹrù yín kalẹ̀ pẹ̀lú, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń bú yín. Ẹ má wọ ọ́ ní òru. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ná ọjà ojú omi lè fi owó àjọ ra ẹ̀wù mẹ́wàá, kí ó wà ní ilé akọ̀wé, kí ẹni tí ó ń lọ ọjà gbà á kí ó sì dá a padà.

Fún ẹ̀yin tí mọ́tò ni ẹ ń wọ̀, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye tí wọ́n san fún àpò gaàrí kan ní etí oko, iye tí awakọ̀ gbà láti gbé e dé ọjà, àti iye tí wọ́n tà á níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ kọ ọ́ fún ọjà mẹ́rin léraléra, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ètò yìí. Àwọn ẹgbẹ́ kan lápá Ìjùmú sọ fún wa pé àwọn fẹ́ dá owó ra ọkọ̀ akẹ́rù kan láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá yóò pé wọn. Ìṣirò yín ni a ó fi bá wọn wò ó nínú ìwé tí ó ń bọ̀.